Àfẹ́sọ́nà Mi Wà ní Kíláàsì Àgbà

Bọ́ọ̀sì mẹ́rin ló dúró lẹ́ẹ̀kan náà ní ọ̀sán Sátidé yẹn, gbogbo àwa tá à ń ta dòdò Ìkirè lẹ́bàá títì sì rọ́ lọ bá wọn bí adìẹ tó rí ẹni tó gbé àgbàdo jáde. Ẹni tó bá ti gba ọ̀nà Ìbàdàn sí Ifẹ̀ rí mọ bá a ṣe ń ṣe é. A ó gbé igbá lé orí, a ó na ọ̀rá dòdò sí ojú fèrèsé, a ó sì máa fi ìgúnpá ti ara wa láìbínú. Bọ́sẹ̀ ọ̀rẹ́ mi sáré gba apá ọ̀tún, èmi gba òsì. Mo na ọwọ́ sí fèrèsé kẹta, mo ní kí wọ́n rà á, pé ó ṣì gbóná, ni ojú mi bá ṣe kòńgẹ́ ojú ọkùnrin kan.

Mo ti ka ìwé ìfẹ́ débi pé wọ́n ti kún ìsàlẹ̀ àpótí aṣọ mi, nínú gbogbo wọn, tí ojú bá ti pàdé ojú báyìí, ayé á dúró. Ayé ò dúró ní tèmi. Kọ̀ńdọ́ ń pariwo, ìyá kan ń bú mi pé mo ti fi epo kan aṣọ òun. Ṣùgbọ́n ọkùnrin yẹn ò wo dòdò. Èmi ló ń wò, bí ẹni tó ṣìnà tó sì ń ronú bóyá kí òun bi mí léèrè. Ó di ìwé kékeré kan tó ká sí mẹ́rin mú. Kó tó sọ̀rọ̀, bọ́ọ̀sì gbéra. Mi ò mọ ohun tó ṣe mí. Mo sáré tẹ̀lé e, mo ju ọ̀rá dòdò kan wọlé láti ojú fèrèsé, ó bà á láyà, ó sì rẹ́rìn-ín.

"Ọmọ Alaaji Gàrúbà," Bọ́sẹ̀ wí lẹ́yìn mi, "ṣé bó o ṣe fẹ́ máa tajà nìyẹn? Kó o máa sọ ọ́ lu ọkùnrin?"

Orúkọ mi ni Qaosarat. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún ni mí nígbà náà. Mo ti jáde ilé-ìwé olùkọ́ni, mo ń retí iṣẹ́, mo sì ń bá ìyá mi dín dòdò. Sátidé tó tẹ̀lé e, mo lé tìróò, mo ní nítorí ara mi ni. Ọkùnrin náà tún wà ní ojú fèrèsé. Bẹ́ẹ̀ náà ni ní Sátidé kẹta. Ìṣẹ́jú díẹ̀díẹ̀ yẹn la fi mọ ara wa: Lùkúmọ̀n ni orúkọ rẹ̀, káfíńtà ni, Àpòmù ló ń gbé, Ìbàdàn ló ń lọ. Kò sọ ohun tó ń lọ ṣe níbẹ̀. Bọ́sẹ̀ bá mi rò ó. Ó ní ọkùnrin tó bá ń lọ Ìbàdàn ní gbogbo Sátidé, tó lọ ẹ̀wù rẹ̀ dáadáa, tó sì ń padà nírọ̀lẹ́, obìnrin ló ní síbẹ̀, ó sì ṣeé ṣe kí obìnrin náà ti bímọ fún un. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí, bẹ́ẹ̀ mi ò tíì mọ̀ ọ́n ju ojú fèrèsé lọ.

Ní Sátidé karùn-ún, ẹ́ńjìnnì bọ́ọ̀sì wọn gbóná, gbogbo èrò bọ́ sílẹ̀. Ó wá jókòó sórí bẹ́ǹṣì wa, nítòsí ibi tí ìyá mi ti ń dín dòdò. Ó wo àwọn ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti dúdú, tó ti rọ̀, tí omi ń sun lára wọn, ó bi ìyá mi bóyá wọn ò tíì bàjẹ́. Ìyá mi ní ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí gbogbo ayé bá ti sọ pé ó bàjẹ́, àwa ará Ìkirè la mọ ohun tá à ń fi í ṣe. Ó rẹ́rìn-ín. Nígbà tí ìyá mi lọ bu epo, mo kó ara mi jọ, mo béèrè.

"Ta lẹ máa ń lọ wò ní Ìbàdàn, Bùọ̀dá?"

"Ara mi ni," ó ní.

Mo rò pé ẹnu dídùn ni. Mo gba nọ́ńbà rẹ̀ bẹ́ẹ̀ náà.

Oṣù méjì ni ohùn rẹ̀ fi ń jí mi láàárọ̀. Á sọ̀rọ̀ nípa pákó tí kò gbọ́ràn sí i lẹ́nu, èmi á sọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́ olùkọ́ tí wọn ò tíì fún mi. Nígbà tó yá, Sátidé kan kọjá, mi ò rí i. Ìkejì kọjá. Fóònù ń dún, kò gbé e. Bọ́sẹ̀ ní ìyàwó Ìbàdàn ti bí ìkejì. Ní Mọ́ńdè, mo gun ọ̀kadà lọ sí Àpòmù, mo ń béèrè ṣọ́ọ̀bù Lùkúmọ̀n káfíńtà títí mo fi débẹ̀. Wọ́n ti ilẹ̀kùn láti inú. Mo kàn án. Nígbà tó ṣí i, òórùn tó jáde sí mi kì í ṣe ti pákó.

"Máa lọ sílé, Qaosarat," ó ní. "Mo ti mutí."

Mi ò lọ. Mo jókòó sórí àga kan tí kò tíì kàn tán, òun dúró ti ògiri bí ọmọ ilé-ìwé tó ṣẹ̀, ó sì sọ gbogbo rẹ̀. Gbọ̀ngán ló ti kọ́ṣẹ́. Ní àràárọ̀, kí wọ́n tó gbé ayùn, ọ̀gá wọn á ní kí wọ́n lọ ra párága wá, kí ara lè le. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni nígbà yẹn. Nígbà tó fi máa gba òmìnira, ọwọ́ rẹ̀ kì í dúró sójú kan àfi tí párága bá wọ ọ̀fun. Wọ́n wá gbé iṣẹ́ bẹ́ẹ̀dì ìyàwó kan fún un. Lọ́jọ́ tí wọ́n ń mú ìyàwó wọlé, bẹ́ẹ̀dì ṣì wà ní pákó, òun náà sì sùn lọ nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Orí ẹní ni ìyàwó oníyàwó sùn. Ìtìjú yẹn ló lé e wá sí Àpòmù, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti mọ̀ ọ́n.

Ìwé kékeré tó máa ń dì mú nínú bọ́ọ̀sì, àdírẹ́sì ilé kan ní Ìbàdàn ló wà nínú rẹ̀. Àwọn tó fẹ́ jáwọ́ nínú ọtí ló ń pàdé níbẹ̀. Wọ́n á jókòó yípo, kálukú á sọ òótọ́ ara rẹ̀, ẹnikẹ́ni ò ní wàásù fún ẹnikẹ́ni. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí i ni ọjọ́ àkọ́kọ́ tó ń lọ. Láti ìgbà yẹn kò fẹnu kan ọtí. Ṣùgbọ́n ní Sátidé àkọ́kọ́ tí mi ò rí i yẹn, àwọn olókùú kan bẹ̀ ẹ́ kó bá wọn kan pósí ní kíákíá, kò sì lè lọ Ìbàdàn. Nígbà tó parí, wọ́n gbé ṣìnáàpù kan fún un, bí ẹbí òkú ṣe máa ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó bá kan pósí. Kò mọ bí èèyàn ṣe ń kọ ẹ̀bùn olókùú.

"Sátidé sí Sátidé ti jìn jù," ó ní. "Tó bá jẹ́ pé irú rẹ̀ wà nítòsí, tí mo lè fẹsẹ̀ rìn débẹ̀. Mo ti wá a. Kò sí."

Ọkàn mi ní kí n dìde. Bàbá mi ní àbúrò kan, Hussein, tó máa ń gbé mi sí èjìká nígbà tí mo wà ní kékeré. Òwúrọ̀ ọjọ́ Iléyá kan la bá a nínú gọ́tà lẹ́yìn ilé ọlọ́tí, ó dojú bolẹ̀. Bàbá mi fúnra rẹ̀ ló wẹ òkú rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ dárúkọ Hussein nínú ilé wa. Báwo ni màá ṣe mú ọ̀mùtí wá síwájú ọkùnrin yẹn pé òun ni mo fẹ́ fẹ́? Mo rò ó. Mo tún rò ó pé nígbà tí Hussein wà láàyè, kò sẹ́ni tó wá ibì kan fún un. Ìwàásù nìkan la fún un.

"Tí mo bá rí i nítòsí," mo ní, "ṣé wàá lọ?"

Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mi ò fi ẹ̀yin pè é. Ó wò mí bó ṣe wò mí láti ojú fèrèsé lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó ní òun á lọ.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá a bí ẹni tó ń wá ewúrẹ́ tó sọnù. Mo kọ́kọ́ wá a lórí fóònù. Fóònù gbé Ìbàdàn wá, ó gbé Èkó wá, ó gbé ìlú òyìnbó wá, kò mọ Ìkirè. Mo lọ bá Alfa tó kọ́ mi ní kéwú, mo ní ọ̀rẹ́ mi kan ló rán mi. Alfa ní haráámù ni ọtí, kí ọ̀rẹ́ mi ronú pìwà dà. Mo ní ó ti ronú pìwà dà lọ́pọ̀ ìgbà, bó ṣe máa dúró síbẹ̀ ló ń wá. Alfa bi mí bóyá ọkùnrin ni ọ̀rẹ́ náà, mo bá dìde. Wòlíì kan ní kí n mú un wá fún ààwẹ̀ ọjọ́ méje, pé àwọn á so ó lẹ́sẹ̀ kó má baà sá. Bọ́sẹ̀ ní òun mọ ìyá kan tó ń ta àgbo tó máa ń mú kí ọtí kó èèyàn nírìíra. Nígbà tá a débẹ̀, ọtí ni wọ́n fi rẹ àgbo náà. Bọ́sẹ̀ rẹ́rìn-ín títí a fi délé. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Lálẹ́ ni mo tó rẹ́rìn-ín.

Ibi tó kù ni ilé ìwòsàn alábọ́dé. Èrò pọ̀, mo sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ fún Nọ́ọ̀sì Morónkẹ́. Ó ní àwọn ò ní irú ẹ̀ níbí, kí ẹni tó kàn bọ́ síwájú. Mo ti dé ẹnu géètì nígbà tó sáré bá mi, ó na káàdì kan sí mi bí ẹni pé mo gbàgbé rẹ̀.

"Ní Ọjọ́rú, aago mẹ́rin," ó ní, kò wo ojú mi. "Ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó wà lẹ́yìn ọjà Àpòmù, yàrá tó kángun sí igi máńgòrò. Kíláàsì àgbà ni wọ́n ń pè é. Tí wọ́n bá bi ọ́, sọ pé ìwé lo fẹ́ kọ́. Ọdún kejì rèé tí ọkọ mi ti ń lọ."

Káàdì tó fún mi, kò sí nǹkan kan lára rẹ̀.

Mo débẹ̀ ní Ọjọ́rú. Mo yọjú láti ojú fèrèsé. Ọkùnrin mẹ́fà pẹ̀lú obìnrin kan ló jókòó sórí bẹ́ǹṣì àwọn ọmọdé, orúnkún wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n, nóòtù wà níwájú kálukú. A B D E Ẹ ló wà lára pátákó. Mo rò pé Nọ́ọ̀sì ti fi mí ṣeré, pé àwọn tí kò mọ̀wé ni mo wá bá. Àfi ìgbà tí mo rí i pé ẹnikẹ́ni ò wo pátákó. Ọ̀kan ń sọ̀rọ̀, àwọn yòókù ń gbọ́ ọ, ẹni tó ń sọ̀rọ̀ sì ń sunkún láìnu ojú.

Olùkọ́ wọn jáde sí mi, ó fa ilẹ̀kùn dé. Tíṣà Boaz ni gbogbo Àpòmù ń pè é, ọ̀gá ilé-ìwé tó ti fẹ̀yìn tì ni, irun rẹ̀ funfun bíi ṣọ́ọ̀kì ọwọ́ rẹ̀. Ó bi mí bóyá ìwé ni mo fẹ́ kọ́.

"Rárá, sà," mo ní. "Ẹnì kan ni mò ń wá ibi tó máa jókòó sí fún."

Ó wò mí dáadáa, ó sì ṣàlàyé. Òun náà ti jẹ́ ọ̀mùtí rí. Nígbà tó jáwọ́, ó ṣí irú ìpàdé yìí ní gbangba, ó kọ orúkọ rẹ̀ gan-an sára ilẹ̀kùn. Oṣù mẹ́rin ló fi jókòó, ewúrẹ́ nìkan ló wọlé wá bá a. Ó pa orúkọ náà rẹ́, ó kọ kíláàsì àgbà dípò rẹ̀, ló bá di pé wọ́n ń wá lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Ní ìlú yìí, ọmọ mi," ó ní, "tá a bá ní àgbàlagbà ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń kàwé, wọ́n á kí i kú ìsapá. Tá a bá ní ó ń tiraka láti fi ọtí sílẹ̀, wọ́n á ti fi ṣe orin kó tó délé."

Ó ní òfin kan ló wà: ohun tá a bá gbọ́ nínú kíláàsì, inú kíláàsì ló ń sùn. Mo ṣèlérí.

Ní Ọjọ́rú àkọ́kọ́, Lùkúmọ̀n dúró lábẹ́ igi máńgòrò títí wọ́n fi jáde, kò wọlé. Mo wà ní òdìkejì títì pẹ̀lú igbá dòdò, mò ń díbọ́n pé mò ń tajà. Mi ò bá a wí. Ní Ọjọ́rú kejì, ó tún dúró lábẹ́ igi. Ó wò mí. Mo gbé igbá sọ̀ kalẹ̀, mo jókòó tì í, kó lè mọ̀ pé mi ò lọ síbì kankan. Ó wọlé.

Oṣù mẹ́jọ kọjá báyìí, ó sì dùn ju ohunkóhun tí mo kà nínú ìwé lọ, torí pé nínú ìwé, ìfẹ́ máa ń ga bí igi, tiwa ń lọ ní Ọjọ́rú sí Ọjọ́rú. Lùkúmọ̀n kan bẹ́ǹṣì tuntun fún kíláàsì, tí orúnkún àgbàlagbà lè gbà. Tí wọ́n bá ti jáde, á sìn mí dé ibi ọ̀kadà, a ó máa rìn bí ẹni tí kò fẹ́ débẹ̀. Níbẹ̀ ló ti sọ fún mi nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan pé òun ń kan bẹ́ẹ̀dì kan láti oṣù mẹ́ta. Mo bi í pé ta ló gbéṣẹ́ rẹ̀ fún un.

"Kò sẹ́ni tó gbé e fún mi," ó ní. "Tèmi pẹ̀lú tìẹ ni. Ó ti tán. Mo fẹ́ kó o mọ̀ pé ó ti tán kí n tó bi ọ́ léèrè."

Ọlọ́kadà ló dá a lóhùn, ó ní kí àwọn tó ń fẹ́ra yáa gun òkè, ilẹ̀ ń ṣú.

Ilé wa kì í fi ọmọ fọ́kọ láìṣe ìwádìí. Àbúrò bàbá mi, Àǹtí Mùnírátù, ni wọ́n rán lọ sí Àpòmù. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi béèrè lọ́wọ́ àwọn obìnrin ìdí ẹ̀rọ omi, lọ́wọ́ alákàrà, lọ́wọ́ àwọn tó ń kírun pẹ̀lú rẹ̀. Nígbà tó padà dé, ó tú gèlè, ó jókòó síwájú bàbá àti ìyá mi.

"Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ dídára rẹ̀," ó ní. "Kì í jà. Kì í tẹ̀lé obìnrin. Ó ń kírun. Kò sẹ́ni tó rí i kó mutí rí. Ṣùgbọ́n Alaaji, ọmọ náà ò mọ̀wé. Kíláàsì àgbà ni mo bá a. Wọ́n kọ A B D síwájú rẹ̀, ó sì di nóòtù mú bí ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi."

Ìyá mi rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. Bàbá mi ò rẹ́rìn-ín. Òun alára ò mọ̀wé, ìyẹn ló fi korò lẹ́nu rẹ̀. Nígbà kan, wọ́n gbé ìwé kan wá nípa oko kòkó bàbá rẹ̀ ní Ìkirè-Ilé, wọ́n ní ọ̀rọ̀ ààlà ni, ó tẹ̀ka sí i. Oko náà ló fi ìka yẹn gbé fún wọn. Ló bá búra pé gbogbo ọmọ òun ló máa kàwé, kò sì sí èyí tó máa fẹ́ ẹni tó ń tẹ̀ka. Èmi ni mò ń ka lẹ́tà fún un láti kékeré, títí kan ohun tí wọ́n kọ sára ìgò oògùn.

"Afọ́jú kan ti tó nínú ẹbí yìí," ó ní. "Èmi nìyẹn. Ẹ sọ fún ọmọ náà pé kò ṣeé ṣe."

Ó wà lẹ́nu mi kí n sọ pé Lùkúmọ̀n jáde girama, pé ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀ dára ju tèmi lọ. Ṣùgbọ́n ìbéèrè tó máa tẹ̀lé e ni mo rí: kí ló wá ń ṣe níbẹ̀? Mo gbé ẹnu mi pa mọ́.

Nígbà tí mo sọ ọ́ fún Lùkúmọ̀n lẹ́yìn kíláàsì, níwájú Tíṣà Boaz, ó rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà ẹ̀rín náà kú. Tíṣà Boaz ní kò le rárá. Ó ní òun á wá bá Alaaji fúnra òun, òun á sọ pé Lùkúmọ̀n ló ń ran òun lọ́wọ́ láti kọ́ wọn. Ta ló máa jiyàn pẹ̀lú ewú orí òun? Inú mi dùn débi pé mo dìde. Lùkúmọ̀n nìkan ni kò dìde.

"Bí mo ṣe ń mutí ní Gbọ̀ngán nìyẹn," ó ní. "Mo ní irọ́ kan fún ọ̀gá, mo ní òmíràn fún ìyá mi, mo sì ń mutí kí n lè gbàgbé èyí tí mo sọ fún ta ni. Qaosarat, tí mo bá fi irọ́ gbé ọ wọlé, ojoojúmọ́ ni màá máa tọ́jú rẹ̀. Ọjọ́ kan á rẹ̀ mí. Jẹ́ kí n kọ̀wé sí wọn."

Ó kọ́kọ́ gba àyè lọ́wọ́ àwọn ará kíláàsì, torí pé tí àwọn ará ilé wa bá ti mọ ohun tó ń wá níbẹ̀, wọ́n ti mọ ti kálukú wọn nìyẹn. Obìnrin kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀ ló sọ pé kó kọ tirẹ̀, kó fi tàwọn sílẹ̀, àwọn á máa wo ẹnu Alaaji. Ó kọ ojú ìwé méjì, ó fi lé mi lọ́wọ́. Kò fẹ́ kí alárinà kankan fi ọwọ́ kàn án.

Mo gbà á tayọ̀tayọ̀. Ojú ọ̀nà ni mo ti rántí ẹni tó máa kà á. Bàbá mi á gbà á, á sì na án padà sí mi, bó ṣe máa ń ṣe. Ẹnu mi ni ọ̀rọ̀ náà máa gbà jáde, létí ẹni tó wẹ òkú Hussein. Mo fi lẹ́tà náà sábẹ́ ọ̀rá dòdò nínú igbá mi. Láàárọ̀, mo máa ń ní òní ni. Nírọ̀lẹ́, mo máa ń ní ọ̀la ni. Mi ò yọjú sí Àpòmù ní Ọjọ́rú mọ́. Etí lẹ́tà náà mu epo. Ọjọ́ mọ́kànlá lọ báyìí, bàbá mi sì ní tí wọ́n bá kírun Jímọ̀ tán, Àǹtí Mùnírátù á lọ sọ fún wọn ní Àpòmù pé a ò fẹ́.

Ní Àlàmísì tó ṣáájú rẹ̀, mo pe Lùkúmọ̀n, mo jẹ́wọ́ pé lẹ́tà ṣì wà lọ́wọ́ mi.

"Ọjọ́ mọ́kànlá," ó ní. "Mo rò pé wọ́n ti gbọ́ ọ ni, tí wọ́n sì ti kọ̀ mí."

Gbogbo ọjọ́ yẹn ló fi rò pé ó ti tán. Mi ò mọ bí mo ṣe máa béèrè ohun tí mo fẹ́ béèrè, ó sì mọ̀ ọ́n.

"Rárá," ó ní. "Ọjọ́rú méjì ló wà láàárín rẹ̀. Mo lọ sí méjèèjì."

Àwọn ìwé tó wà nínú àpótí mi ò kọ irú ọ̀rọ̀ ìfẹ́ bẹ́ẹ̀ rí. Mo ní kó wá lọ́la.

Bàbá mi wà lórí àga ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, Àǹtí Mùnírátù ti wé gèlè ìrìn-àjò, nígbà tí Lùkúmọ̀n wọlé tó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ó ní òun gbọ́ pé wọ́n ní òun ò mọ̀wé, pé òun ti kọ lẹ́tà sí Alaaji. Gbogbo wọn wò mí. Mo lọ gbé e wá láti inú igbá. Bàbá mi gbà á, ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn, ó sì na án sí mi bí mo ṣe rò.

"Ẹ jọ̀ọ́, Alaaji," Lùkúmọ̀n wí láti ilẹ̀, "ẹ jẹ́ kí èmi kà á."

Bàbá mi rò ó díẹ̀, ó fi lé e lọ́wọ́. Lùkúmọ̀n kúnlẹ̀, ó nà án síwájú ojú rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ò gbọ̀n.

"Alaaji Gàrúbà. Orúkọ mi ni Lùkúmọ̀n. Ọ̀mùtí ni mí. Oṣù mẹ́jọ àti ọjọ́ mọ́kànlélógún rèé tí mi ò tíì fẹnu kàn án."

Mo gbọ́ tí nǹkan bọ́ lọ́wọ́ ìyá mi nínú ilé ìdáná. Lùkúmọ̀n ò dúró. Ó ka ti Gbọ̀ngán, ó ka ti bẹ́ẹ̀dì ìyàwó, ó ka ti ṣìnáàpù olókùú. Kò fo ọ̀kan. Àwọn ọ̀rọ̀ tó wà nísàlẹ̀ rèé: "Kíláàsì tí wọ́n ti rí mi, ibẹ̀ ni mo ti ń kọ́ bí mo ṣe máa wà láàyè láìmu. Mi ò bẹ̀ yín pé kẹ́ ẹ gbà mí gbọ́. Mo bẹ̀ yín pé kẹ́ ẹ máa wò mí."

Àǹtí Mùnírátù ya ẹnu. Bàbá mi gbé ọwọ́ sókè, ó pa á dé. Kì í ṣe ojú wa ló ń wò nígbà tó sọ̀rọ̀.

"Hussein mọ̀wé," ó ní. Ọdún mẹ́rìnlá nìyẹn tí mi ò ti gbọ́ orúkọ náà lẹ́nu rẹ̀. "Òun ló máa ń kà á fún mi. Ọjọ́ tí wọ́n gbé ìwé oko wá, òun ló yẹ kó kà á. Ó ti mu yó. Ó ní kí n tẹ̀ ẹ́, pé kò séwu."

Ó yíjú sí Lùkúmọ̀n, ó bi í nípa Tíṣà yẹn, bóyá ó máa ń kọ́ ẹni tí kò mọ̀wé lóòótọ́.

"Kò tíì sẹ́ni tó bi í rí, sà," Lùkúmọ̀n ní. "Ẹ̀yin lẹ máa jẹ́ ẹni àkọ́kọ́. Màá kọ́kọ́ gba àyè lọ́wọ́ wọn."

"Bá mi gbà á. Sọ fún wọn pé ẹnu mi kì í jò. Tí wọ́n bá gbà, wá mú mi ní Àlàrùbá. Ẹ̀gbẹ́ mi ni kó o máa jókòó sí ní gbogbo ọ̀sẹ̀. Ọjọ́ tó o bá pa jẹ, èmi ló máa kọ́kọ́ mọ̀." Ó yíjú. "Mùnírátù, tú gèlè ẹ. O ò lọ síbì kan mọ́."

Lẹ́yìn náà ó gba lẹ́tà náà lọ́wọ́ Lùkúmọ̀n. Ó fi àtàǹpàkò, ìka tó fi tẹ oko lọ yẹn, nu epo tó wà létí rẹ̀, ó ká a sí mẹ́rin, ó sì pè mí.

"Tọ́jú ẹ̀ fún mi," ó ní. "Má kà á fún mi. Ọjọ́ tí mo bá kà á tán fúnra mi láti òkè délẹ̀, tí gbogbo ohun tó wà nínú ẹ̀ sì ṣì jẹ́ òótọ́, kí àwọn èèyàn ẹ̀ wá tọrọ ẹ lọ́wọ́ mi."

Ojú ìwé méjì péré ni. Olùkọ́ sì ni mí. Mo kúnlẹ̀, mo fi ọwọ́ méjèèjì gbà á.